Obìnrin Tó Rán Ìborùn fún Adágún Ẹja

Bí ènìyàn bá ti Inísà wọ Ìkìrun, kí ó tó dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń kóra jọ sí, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́wọ́ ọ̀tún tí páànù orí rẹ̀ yọ síta ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Ó yọ síta débi pé ẹni tó bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà kì í rí oòrùn láàárọ̀, kì í sì í rí i lọ́sàn-án. Ìyá Ìyìn ló ní kí káfíńtà ṣe é bẹ́ẹ̀. Fọláfúnmi lorúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bí Ìyìnolúwa, orúkọ ọmọ ni ìlú fi ń pè é. Tapólì ló ń rán: èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kánópì, àti èyí tí àwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń nà mọ́ igi láti fi ṣe adágún lórí ilẹ̀ láìgbẹ́ kòtò.

Àfín ni. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà, bó bá sì fẹ́ wo ojú abẹ́rẹ́, àfi kí ó gbé e sún mọ́ imú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran jù. Bí o bá kó tapólì lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá di ojú, á sọ èyí tó tuntun fún ọ, á sọ èyí tó ti pẹ́ ní ìsọ̀, á sì sọ èyí tí wọ́n ti pa tì síta rí.

Ìbà ni wọ́n bí i sí, nílé àgbẹ̀. Gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ sóko, òun nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ sílé. Ìyá rẹ̀ máa ń wọ aṣọ alápá gígùn fún un, á sì tún fi ìborùn bò ó lọ́rùn. Ó sọ fún mi nípa ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, oòrùn kò yọjú rárá, ni ìyá rẹ̀ bá ní kí ó ṣí ọrùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọrùn àti apá rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn, ó lé bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi òrí pa á lára, ó sì ń béèrè pé kí ló jó ọmọ òun lọ́jọ́ tí oòrùn kò ràn.

Nígbà tó jáde girama, wọ́n mú un wá sí Ìkìrun lọ́dọ̀ Oyèdélé, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń rán ìbòrí àga ọkọ̀ àti tapólì. Ohun tí ìyá rẹ̀ rò kò ju pé abẹ́ òrùlé ni iṣẹ́ náà. Àwọn kan sọ fún Oyèdélé pé ojú ọmọ yìí kò lè rán nǹkan tó tọ́. Ó ní òun náà ti darúgbó, ojú òun kò ríran mọ́, síbẹ̀ òun ń rán an. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, bí a ṣe ń ṣẹ́ etí tapólì po kí okùn má baà fà á ya. Nígbà tí Oyèdélé padà sí Ìbà láti lọ sinmi, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, nígbà tí egbò kékeré kan yọ sí etí rẹ̀ tó kọ̀ tí kò san. Káyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun sí Òṣogbo, ló gbé e lọ sílé ìwòsàn níbẹ̀. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n tètè rí i, wọ́n gé e kúrò, ó sì san. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ló ṣàlàyé ohun tí ìyá rẹ̀ béèrè láyé ọjọ́un. Ó ní nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ọ̀kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òun kọ́ ni ooru, òun kọ́ sì ni ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Ìkùukùu kì í dá gbogbo rẹ̀ dúró, ó sì máa ń ta padà lára omi àti iyanrìn. Òun ló ń ba awọ ara jẹ́. Fọláfúnmi gba ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ó ra fìlà elétí gbòòrò, ó sì pe káfíńtà kí ó fa páànù ṣọ́ọ̀bù síta.

Ní ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá Fátóògùn àti ìyàwó rẹ̀, Ifákẹ́mi, wá láti Òkúkù. Ẹja àrọ̀ ni bàbá náà ń sìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀, nínú adágún tapólì tí Fọláfúnmi rán fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, kò sọ̀rọ̀. Ọlọ́bàtálá ni. Nílé tiwọn, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àfín, ènìyàn kì í sì í gbóhùn sókè sí i. Bí inú ṣe ń bí i tó yìí, ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ohun tí kò yẹ lè jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló ròyìn. Ó ní àwọn bu omi kún adágún lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́. Àwọn kò tí ì wọlé tán tí àwọn fi gbọ́ ariwo omi. Ògiri adágún náà ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ẹja tó kù díẹ̀ kí wọ́n tà sì ń jà pàtìpàtì nínú eruku. Àwọn ará àdúgbò gbé báàfù wá, àwọn rí díẹ̀ gbà là, púpọ̀ kú. Àwọn tó wò ó ní ojú rírán ló jọ̀wọ́, pé òwú tí wọ́n fi rán an kò dára.

Fọláfúnmi kúnlẹ̀, ó kí wọn kú òfò. Ó ní kí Olúwa fi ṣe òfò mọ. Kò gbèjà òwú rẹ̀. Ó ní òun yóò wá wò ó fúnra òun nígbà tí oòrùn bá wọwọ́.

Ó dé Òkúkù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ifákẹ́mi gbé àpótí fún un, ó jókòó sídìí tapólì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka tọ ojú ibi tó ti rán an. Ojú rírán kò jọ̀wọ́ níbì kankan. Ó mú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí omi máa ń wà, ó ká a, ó rọ̀ bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Ó wá mú etí rẹ̀ lókè, ibi tó máa ń yọ jáde lókè omi. Ibẹ̀ ti gan bíi páálí. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ṣá, nǹkan funfun bí ẹfun ń kù sí i lọ́wọ́, nígbà tó sì ṣẹ́ ẹ po, ó dá. Ó sún àpótí, ó yí adágún náà ká. Ní ìhà kan tí igi máńgòrò ṣíji bò, etí tapólì náà ṣì rọ̀ dáadáa. Tapólì kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni òun fúnra rẹ̀ gé e.

Ó fọwọ́ kan etí tirẹ̀, ibi tí wọ́n gé kúrò, kò sì mọ ìgbà tí òun ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ohun tó ń jẹ mí láwọ ló jẹ tapólì yín."

Bàbá Fátóògùn tí kò tí ì bá a sọ̀rọ̀ láti àná gbójú sókè. Ó wò ó títí. "Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe," ó ní. "Ṣé oòrùn náà ni?"

"Mo rò pé òun ni, sà. Ṣùgbọ́n mi ò tí ì mọ̀ ọ́n dájú, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí rẹ̀."

Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó ṣèlérí pé òun yóò rán òmíràn fún un, àti pé òun kò ní í rán adágún fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun yóò fi lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára obìnrin náà nìyẹn. Ì bá rọrùn fún un láti fi hàn wọ́n pé ojú rírán òun kò ya, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Olúwadámiláre ló lọ bá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní fisíìsì ní Inísà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ó gbé ègé tó gan àti èyí tó rọ̀ lára tapólì náà síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Tíṣà náà yí wọn padà síwá sẹ́yìn, ó sì bi í pé báwo ni nǹkan ṣe ń rí nígbà tí aṣọ bá gbó. Fọláfúnmi ní òwú rẹ̀ á já. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní bí a bá lè rí inú ike tó rọ̀, bí òwú gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn ló rí, gígùn tí wọ́n gùn ló sì jẹ́ kí wọ́n lè yọ̀ lára wọn kí wọ́n má sì já. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yẹn ní agbára tó lè gé wọn. Tó bá ti gé wọn, atẹ́gùn á tún bá a gé wọn sí i. Òwú gígùn á di ègé kéékèèké, ègé kéékèèké kò sì lè di nǹkan mú. Ó ní irú tapólì tí wọ́n fi ń ṣe adágún yìí, àwọn tó ṣe é tún po nǹkan bí òróró mọ́ ọn kí ó lè rọ̀, òróró náà sì máa ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá wà nínú oòrùn àti ooru.

Ó wá fi kún un pé òun kò mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó nílẹ̀ tiwa níbí. Ibòmíràn ni wọ́n ti dán àwọn tí òun kà nípa wọn wò. "Ìyá Ìyìn, àfi ká dán an wò fúnra wa."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọláfúnmi gé tapólì oríṣiríṣi sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: búlúù, funfun, dúdú, èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́. Wọ́n kan àwọn kan mọ́ orí páànù níta gbangba. Wọ́n so àwọn kan mọ́ abẹ́ páànù kan náà, níbi tí ooru ti pọ̀ jù ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Wọ́n fi àwọn kan sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, wọ́n sì fi àkísà bo àwọn yòókù níta. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, obìnrin náà á gun àkàbà, á fọwọ́ ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Ìyìn ń sá tapólì bí ẹni ń sá ẹran. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òjò dé, ojú ọjọ́ ń ṣú lemọ́lemọ́, àwọn tó wà lórí páànù kò sì yéé gan. Èyí tó wà lábẹ́ páànù nínú ooru le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá. Àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì sàn ju ti ìta lọ, àwọn tí àkísà bò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun. Ìyàlẹ́nu ni dúdú jẹ́ fún un. Òun ló rò pé yóò kọ́kọ́ kú, nítorí òun ló máa ń gbóná jù lọ́wọ́. Òun ló pẹ́ jù. Olúwadámiláre ní ẹ̀bù dúdú bíi ti ẹ̀yìn ìkòkò ni wọ́n pò mọ́ ọn, pé ẹ̀bù náà ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì kó tó wọnú. Fọláfúnmi wo apá rẹ̀, ó wo apá tíṣà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó rán adágún dúdú fún Bàbá Fátóògùn, inú rẹ̀ dùn. Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, Ifákẹ́mi pè é lórí fóònù pé ẹja ń yọ ẹnu sókè omi lọ́sàn-án, wọ́n ń wá èémí. Ohun dúdú tó gbé ìmọ́lẹ̀ mì ti sọ ọ́ di ooru, omi sì ti gbóná. Wọ́n sáré fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n bu omi tútù sí i, ẹja díẹ̀ ló kú lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ojú ti obìnrin náà gan-an. Ó ní òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà pípẹ́ láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ, òun ń bi Ọlọ́run léèrè pé kí ló kù tí òun kò mọ̀.

Ibi tó jókòó sí náà ló ti ń wo aṣọ tó wọ̀. Blúùsì alápá gígùn ni, èyí tó máa ń wọ̀ bó bá ní láti jáde lọ́sàn-án. Èjìká rẹ̀ ti ṣá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Ó ti ju irú rẹ̀ nù ní àìmọye ìgbà. Aṣọ ń kú kí awọ òun má baà kú. Kò sí ìdí tí tapólì adágún yóò fi dojú kọ oòrùn fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn tí kò gbówó lórí lè dúró níwájú rẹ̀.

Ó gé nǹkan funfun tó ṣe é ṣẹ́ bo etí adágún láti inú dé ìta bí ìborùn lọ́rùn obìnrin. Ó lu ihò sí i, ó fi okùn sínú ihò, kí wọ́n lè tú u bó bá gbó kí wọ́n sì so òmíràn. Àpò ìrẹsì ló kọ́kọ́ fi ṣe é. Kò pẹ́ tí oòrùn fi sọ ọ́ di èérún tó ń jábọ́ sínú omi, tíṣà sì ní kí wọ́n tètè ká a kúrò kí ẹja má máa jẹ ike. Lẹ́yìn náà ló lo aṣọ kánópì tó nípọn, èyí tí wọ́n ti lò tì níbi ìsìn ìta gbangba ní Inísà. Ó pa tapólì dúdú tì, ó padà sí búlúù. Ó ní kí wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Omi kò gbóná mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé tí ó tún lọ, tí adágún ṣì dúró, Bàbá Fátóògùn gbé ẹja wá fún un ní Ìkìrun. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹni òrìṣà ló ràn án lọ́wọ́. Pẹ̀lú gbogbo bí Fọláfúnmi ṣe gba Jésù gbọ́ tó, kò já a lẹ́nu. Ó ní bàbá ń dúpẹ́ ní èdè tí ó mọ̀, pé òun náà sì mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí, àwọn ọlọ́sìn ẹja ń wá láti Inísà àti Eko Ende. Èmi náà gbé tapólì tí mo fi ń sá ẹ̀gẹ́ lọ fún un, ó fọwọ́ ká a, ó ní kí n má máa fi í sílẹ̀ níta mọ́ bí ẹ̀gẹ́ bá ti gbẹ, kí n ká a sínú ilé. Gbogbo ohun tó bá rán, ó máa ń fi òwú pupa kọ oṣù àti ọdún sí ìgun rẹ̀. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí òun rán kò ní í gbó. Bí wọ́n bá bi í bí yóò ṣe pẹ́ tó, á béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, á béèrè bóyá igi wà nítòsí, lẹ́yìn náà ni yóò tó dáhùn. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ báyìí lè lé oníbàárà lọ. Wọn kò yéé wá.

Lóṣù tó kọjá, mo bá a lọ sí Òkúkù lẹ́yìn tí oòrùn ti wọwọ́. Ó fẹ́ pààrọ̀ ìborùn adágún Bàbá Fátóògùn. Aṣọ àtijọ́ náà ti gbó kọjá àlà, bó ṣe ń tú u ló ń fà ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra ká a sínú àpò kí ó má baà jábọ́ sómi. Ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka mú etí tapólì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó tú u, ó tún ká a. Ó rọ̀. Ó rìn yí adágún náà ká, ó ń fún un wò níbi gbogbo, àwọn ẹja sì ń yí lábẹ́ omi bí òjìji rẹ̀ ṣe ń kọjá lórí wọn. Ó na aṣọ tuntun sílẹ̀, ó sì ní kí n bá òun di ìdí okùn kejì mú dáadáa.